Irin Abẹ́ Pẹ́dà

Láti ọjọ́ tí Bàbá mi àgbà ti kú, kò sí ẹni tó wá kí wa ní Ẹgbẹ́dá tí kì í sọ pé onísùúrù èèyàn ni wọ́n. Àlejò á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí Bàbá máa ń jókòó lé lábẹ́ igi máńgòrò, á mi orí, á ní, "Há, Bàbá Jẹ́-ó-mí! Sùúrù bàbá yẹn pọ̀ ṣá." Èmi á gbé omi fún un, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Sùúrù kọ́. Ẹni tó bá ti bá ẹni tí kì í fèsì ọ̀rọ̀ gbélé rí ló mọ ohun tí ojú wa rí.

Ẹ bú Bàbá, wọ́n á ní, "Mo ti gbọ́." Ẹ bẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní, "Mo ti gbọ́." Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn, á ní òjò ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, òjò á sì máa jò lọ. Lọ́jọ́ kan ṣá, a ó jí, a ó gbọ́ ariwo òòlù, a ó rí Bàbá lórí páànù. Wọn ò ní ti sọ pé àwọn máa ṣe é, wọn ò sì ní ti sọ pé àwọn ò ní ṣe é. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé, "Ọkọ mi kì í ṣe odi. Ó kàn ń ṣahun ọ̀rọ̀ ni."

Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá oríkì, kó má ka èyí. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mi ò sì lè to ìgbésí ayé Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí àwọn fúnra wọn ò sọ ọ́ fún wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Kùmásì ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, wọ́n sì wà lára àwọn tó di ẹrù wálé nígbà tí ìjọba Gáná ní kí àwọn àjèjì máa lọ. Ìyá Àgbà ní nígbà tí àwọn ẹlòmíì ń di aṣọ àti ìkòkò, kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú mọ́tò ni Bàbá ń fi aṣọ wé bí ẹni ń wé ọmọ tuntun. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán nínú wọn títí di òní: "Odó mi wà ní Kùmásì, ọlọ mi wà ní Kùmásì, ṣùgbọ́n kò sí síkúrù kan tí bàbá yín gbàgbé."

Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ni Bàbá ń tún ṣe. Àwọn mọ́tò kúkúrú onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n ṣe fún eré sísá ni tiwọn. Kì í sì í ṣe torí pé mọ́tò náà bàjẹ́ ni wọ́n ṣe ń gbé e wá. Bó ṣe ń sáré tó láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni kò tó olówó rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, imú ara rẹ̀ ló fi ń mí. Kò sí ẹ̀rọ mìíràn tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú bíi ti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó bá lè fà wọlé fúnra rẹ̀, ìwọ̀n náà ni agbára rẹ̀. Bàbá á tú orí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, wọ́n á wé sáńpépà mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á máa fi ha inú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé títí á fi máa dán bí inú abọ́ tánganran. Wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wo ẹnu rẹ̀. Bó bá funfun, wọ́n á ní ebi ń pa á. Bó bá dúdú, wọ́n á ní ó ti jẹ àjẹkì. Àwọ̀ ẹ̀pà yíyan ni wọ́n ń wá, wọn ò sì ní sinmi títí wọ́n á fi rí i.

Ìgbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni rọ́bà. Rọ́bà gígùn kan wà tí Bàbá gbé bọ̀ láti Kùmásì. Wọ́n á ki ẹnu kan bọ etí, wọ́n á gbé ẹnu kejì síwájú kábúrétọ̀ kan, lẹ́yìn náà síwájú èkejì, wọ́n á máa yí síkúrù díẹ̀díẹ̀ títí méjèèjì á fi máa mí bákan náà. Ní àkókò yẹn, kò gbọdọ̀ sí ariwo kankan nínú ọgbà. Bàbá á gbé ọwọ́ kan sókè, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, àwa náà á pa ẹnu mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà ń gún iyán lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Ìyá Àgbà fi ọmọ odó sílẹ̀, wọ́n dúró. Wọ́n dúró títí, ọwọ́ Bàbá ò sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá Múfú, iyán yìí ń tutù o!"

Bàbá ò wẹ̀yìn.

"Èmi lẹ̀ ń bá gbé yìí ni àbí ẹ̀rọ? Ṣé ẹ̀rọ yẹn ló máa bá yín jẹun ni?"

Bàbá ò yọ rọ́bà létí. Wọ́n ní, "Ìyá Múfú, jẹ́ kó mí."

Iyán oníkókó la jẹ lọ́jọ́ náà, Bàbá jẹ tiwọn tán láìsọ pé ó ní kókó. Látìgbà náà ni télọ̀ ti ń pè wọ́n ní Bàbá Jẹ́-ó-mí, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára. Bàbá ń lo gbólóhùn náà fún gbogbo nǹkan. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti ọmọ aládùúgbò, tí mo sáré wá rojọ́, ohun tí wọ́n á sọ náà nìyẹn: "Jẹ́ kó mí ná, Rísí."

Àkókò yẹn gan-an ni owó epo dé. Ọ̀nà Ìdímù tí a mọ̀ sí ọ̀nà oko di ọ̀nà típà àti sìmẹ́ńtì. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá ti ń dá mọ́tò dúró síwájú ilé tí wọn ò tíì rẹ́ lónìí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàbá wọn jẹ́ kọngílá tó ń gba iṣẹ́ ìjọba ń ra mọ́tò eré sísá bí ẹni ń ra bàtà, wọ́n sì ń wá Bàbá dé abẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ irin ti wọlé, ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú jù.

Bí Bàbá bá ti ṣí imú ẹ́ńjìnnì tán, tó ń mí dáadáa, tí ohùn rẹ̀ ń wọni lára, wọ́n á mú irin kékeré kan tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, wọ́n á sì jó o mọ́ ilẹ̀ mọ́tò, lábẹ́ pẹ́dà tí awakọ̀ fi ń tẹ iná kí mọ́tò lè sáré. Bí awakọ̀ bá tẹ iná dé ibì kan, pẹ́dà á kan irin náà, kò ní lọ mọ́. Ìyẹn ni pé agbára tí wọ́n fi gbogbo ọ̀sẹ̀ fà jáde, wọ́n á tún fi irin dí díẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Wọn kì í sì í sọ fún onímọ́tò. Ẹ gbà mí, irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Ṣé ẹni tó se ọbẹ̀ tó dùn tán ló tún yẹ kó bu omi sí i?

Bọ́sún ló kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Ọmọ kọngílá ni, mọ́tò tirẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin. Mẹkáníìkì kan ní Òkè-Odò bá a yẹ abẹ́ pẹ́dà wò, ó rí irin, ó gé e kúrò. Bọ́sún sáré bọ̀ ní Ẹgbẹ́dá, irin wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, kí lèyí? Gbogbo ẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ fún mi! Ṣé mo ní kẹ́ ẹ bù ú kù?"

"Mo ti gbọ́."

"Kí lẹ gbọ́? Ẹ dá mi lóhùn jàre!"

Bàbá gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi àkísà nù ún, wọ́n jù ú sínú agolo mílíìkì tí àwọn irin yòókù wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá gbójú sókè.

"Gbogbo ẹ̀ ni mo ṣí fún ẹ. Èyí tó kù lábẹ́ irin yẹn, ìyá ẹ tó ń retí ẹ nílé ló ni ín."

Bọ́sún pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ, kò padà wá mọ́. Ó sì rí i dájú pé gbogbo ẹni tó ní mọ́tò eré láti Ìkòtún dé Ìpájà gbọ́ pé bàbá arúgbó kan ní Ẹgbẹ́dá ń so mọ́tò mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n jáwọ́ nínú irin yìí, àbí ó kéré tán kí wọ́n máa sọ fún onímọ́tò kí wọ́n tó fi sí i. Ẹ ti mọ ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn.

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́ wa. Bí a bá ti kírun láàsárì tán, èmi àti Bàbá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ó kọ ẹ̀yìn sí títì. Òfin eré náà ni pé a ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Bí mọ́tò kan bá ń bọ̀, Bàbá á máa sọ ohun tí awakọ̀ ń ṣe láìrí i.

"Èyí gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Kòtò ló rí." Mo rú òfin, mo yọjú wò lẹ́bàá èjìká, lóòótọ́, kòtò náà ni mọ́tò ń yà fún. "Èyí náà gbé ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹ̀rù ni, Bàbá? Ṣebí gbígbé ẹsẹ̀ náà ni."

"Ẹni tó rí kòtò a máa rọra gbé e," ni Bàbá wí. "Ẹni tí ẹ̀rù bà kì í rọra gbé ẹsẹ̀."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Bàbá ṣahun lọ́sàn-án, wọ́n máa ń dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà fún mi ní ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi dùn mí jù.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Bàbá àti Ìyá Àgbà bí, Múfútáù, bàbá tó bí mi. Nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn òbí wọn ni mo dàgbà sí, Bọ̀dá ni mo ń pè wọ́n bí gbogbo ará ilé. Akọ̀wé ni Bọ̀dá ní èbúté Àpápá. Nígbà tí ìjọba fi owó kún owó oṣù, àwọn náà ra mọ́tò eré tiwọn, pupa, ilẹ̀kùn méjì. Ayọ̀ Bàbá ò ṣe é fi pamọ́. Kò sí mọ́tò tí wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ni rọ́bà ti máa ń wà létí wọn, Ìyá Àgbà ò sì gún iyán mọ́ títí iṣẹ́ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Bọ̀dá pàdé Bọ́sún ní ilé epo. Bọ́sún wo mọ́tò pupa yẹn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò yín dáa o, ṣùgbọ́n Bàbá yín á ti so yín mọ́lẹ̀." Àwọn tó wà níbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá ò lè gbé e mì. Àwọn méjèèjì bá fi àdéhùn sí i láti sá eré lórí títì tuntun tó gba ẹ̀yìn Ìkòtún lọ sí ọ̀nà Ìgándò, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí tí wọn ò tíì ṣí fún ọkọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí Bọ̀dá wá sọ fún Bàbá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn. Mi ò rí i rí kí àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí mọ́tò.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run. Ẹ má fi irin sí tèmi. Ẹ jẹ́ n mọ bí mo ṣe tó."

"Mo ti gbọ́."

"Ṣé ẹ ò ní fi sí i?"

"Múfú, mo ti gbọ́. Dìde."

Ìyá Àgbà tẹ̀lé Bàbá wọ yàrá, wọ́n ní kí Bàbá fi sí i, wọ́n ní ọmọ kan làwọn ní. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ìta. Mi ò gbọ́ ti Bàbá. Àárọ̀ ọjọ́ eré gan-an ni Bàbá tó gbé kọ́kọ́rọ́ lé Bọ̀dá lọ́wọ́, kò sì sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti wọ abẹ́ pẹ́dà lọ wo ohun tó wà níbẹ̀.

Gbogbo wa dúró níbi tí eré máa parí sí. Kọ́nà kan wà ṣáájú ibẹ̀, lẹ́bàá afárá kékeré kan, ṣùgbọ́n igbó bò ó lójú wa. Ariwo ẹ́ńjìnnì méjèèjì nìkan là ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Bàbá dorí kodò bí ìgbà tí rọ́bà bá wà létí wọn. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo di etí aṣọ wọn mú. Ariwo náà dé ibi kọ́nà. Bàbá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ó gbé ẹsẹ̀." Èmi nìkan ló gbọ́ ìyẹn. Mo rò pé Bọ́sún ni wọ́n ń wí, mo fò sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbóhùn sókè, wọ́n ní, "Alihamudulilahi!" Ìyẹn, gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ. Mọ́tò tó kọ́kọ́ yọ láti inú igbó náà, mọ́tò Bọ́sún ni.

Mo wo Bàbá. Mo ní etí tí kì í ṣì gbọ́ yẹn ti ṣì gbọ́ lónìí.

Bọ̀dá bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, òógùn bò wọ́n. Ẹnìkan ti sáré lọ sọ fún wọn pé Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà tí Bọ́sún ń yọ. Wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sínú eruku níwájú Bàbá.

"Ẹ ti so mí mọ́lẹ̀! Mo tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó lè dé, kò lọ mọ́! Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, Bàbá! Ẹ sì tún ń dúpẹ́!"

Gbogbo ojú wà lára Bàbá. Mo ń gbàdúrà nínú mi pé kí wọ́n sọ nǹkan kan, ohunkóhun. Kí wọ́n ní àwọn ò fi irin síbẹ̀, kí wọ́n ní àwọn fi síbẹ̀ torí ìfẹ́, kí wọ́n gbá Bọ̀dá létí pàápàá. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ nínú eruku, wọ́n fi etí bùbá wọn nù ún.

"Mo ti gbọ́," ni wọ́n wí.

Bọ̀dá àti ìyá mi kó lọ sí Ìpájà. Wọ́n fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà nítorí ilé ìwé. Wọ́n fi tapólì bo mọ́tò pupa yẹn lábẹ́ igi máńgòrò, Bọ̀dá ní àwọn ò ní fọwọ́ kàn án títí ayé. Bí Iléyá bá dé, tí mo bá lọ kí wọn ní Ìpájà, Bọ̀dá á fi ẹran rán mi sí Ìyá Àgbà, wọn ò ní wá. Èmi ni mo ń gbé "ẹ kí wọn" lọ, tí mò ń gbé "wọ́n ní ẹ ṣeun" bọ̀. Ìyá Àgbà ń rù. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kúnlẹ̀ fún ọkọ wọn níṣojú mi.

"Bàbá Múfú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú gbà pé ẹ fi sí i. Ẹ bẹ̀ ẹ́, kó tán. Ọmọ mi ni mo fẹ́ rí."

Bàbá fa Ìyá Àgbà dìde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Bí mo bá sọ̀rọ̀, yóò burú ju báyìí lọ. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí sàn."

"Ó sàn fún ta, Bàbá?" Èmi ni mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́. Mo rí i lójú wọn pé ó ti dé ẹnu. Wọ́n gbé e mì. "Jẹ́ kó mí, Rísí."

Mo dìde, mo bá tèmi lọ. Láti ọjọ́ náà, a ò jókòó sórí bẹ́ǹṣì fetí sí mọ́tò mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá kírun àárọ̀, wọ́n lọ jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó, wọn ò dìde mọ́. A sin wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Bọ̀dá wá, wọ́n dúró lórí ìlà nígbà ìrun òkú, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ tiwọn, omi kan ò jáde lójú wọn. Kí oorun tó kun Ìyá Àgbà lọ́jọ́ náà, Bọ̀dá ti padà sí Ìpájà.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn ààfáà ti lọ, Ìyá Àgbà pe Bọ̀dá síbi mọ́tò tí tapólì bò.

"Tìẹ ni. Gbé e kúrò ńlẹ̀ fún mi. Mi ò lè máa wò ó mọ́."

Bọ̀dá wọ aṣọ funfun. Wọ́n dúró sí ọ̀ọ́kán. "Mi ò ní gbé e pẹ̀lú irin Bàbá nínú ẹ̀. Rísí, lọ mú ṣísélì àti òòlù wá. Ìwọ lo kéré lára, ìwọ ni wàá lè wọ ibẹ̀. Gé irin yẹn, kó o gbé e lé mi lọ́wọ́. Irin yẹn ni mo fẹ́ rí kí n tó lè ní kí Ọlọ́run forí jì í."

Mo tẹ́ àpò sórí ilẹ̀ mọ́tò, mo dùbúlẹ̀, mo ki orí bọ abẹ́ ibi tí pẹ́dà wà. Eruku wọ̀ mí lójú. Mo na ọwọ́. Mo fọwọ́ pa ibẹ̀ láti òkè délẹ̀, láti ọ̀tún dé òsì. Kò sí irin. Mo ní bóyá wọ́n ti yọ ọ́ lẹ́yìn eré, mo wá ojú ibi tí wọ́n jó. Kò sí ojú jíjó kankan. Ọ̀dà dúdú tó bá mọ́tò náà wá láti ìlú òyìnbó ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kùn ún.

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Gbólóhùn ọjọ́ yẹn padà wá bá mi: ó gbé ẹsẹ̀. Etí Bàbá ò ṣì gbọ́ rárá. Kì í ṣe Bọ́sún ni wọ́n ń wí. Bàbá fún ọmọ wọn ní gbogbo agbára tó bẹ̀ wọ́n fún, wọn ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, wọ́n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń fetí sí i. Nígbà tí ẹ̀rù ba ọmọ náà ní kọ́nà, tó gbé ẹsẹ̀, wọ́n dúpẹ́ pé ó máa padà wá láàyè. Nígbà tó wá ní irin ló so òun mọ́lẹ̀, wọ́n jẹ́ kó rí irin dá lẹ́bi. Wọ́n fi orúkọ ara wọn ṣe irin náà fún un.

Ẹ ò lè mọ bí inú ṣe bí mi sí òkú yẹn tó. Gbólóhùn kan péré ni ìbá ná wọn! Ìyá Àgbà kúnlẹ̀!

"Ṣé o ti rí i?" Ohùn Bọ̀dá nìyẹn láti ìta.

Agolo mílíìkì ṣì wà lórí tábìlì iṣẹ́ Bàbá, irin kún inú rẹ̀. Kò ju kí n ní mo fẹ́ lọ mú ṣísélì mìíràn, kí n mú irin kan sọ́wọ́, kí n padà wá fi òòlù kan ilẹ̀ mọ́tò gbàgbàgbà, kí n sì gbé e lé Bọ̀dá lọ́wọ́. Wọn ìbá sunkún, wọn ìbá forí ji Bàbá, a ó sì jọ jẹun. Ohun tí Bàbá ìbá ṣe náà nìyẹn. Irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní mi ò rò ó. Ṣùgbọ́n ó sú mi. Gbogbo ilé wa ń gbọ́, kò sẹ́ni tó ń sọ.

Mo yọ orí jáde. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ wá fọwọ́ kàn án fúnra yín."

"Aṣọ funfun ni mo wọ̀."

"Mo rí i. Ẹ wá."

Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí àpò náà, wọ́n na ọwọ́ wọlé. Mo ń wo ẹsẹ̀ wọn tó yọ síta, mo ń gbọ́ bí ọwọ́ wọn ṣe ń ha ilẹ̀ mọ́tò kiri. Ó pẹ́. Ọwọ́ náà dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n jáde wá, eruku bo aṣọ wọn láti ọrùn dé ìdí. Wọn ò wo èmi tàbí Ìyá Àgbà. Wọ́n jókòó sórí àga awakọ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó kanlẹ̀. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ó kanlẹ̀.

"Rísí," ni wọ́n wí, ohùn wọn ò ju ti ọmọdé lọ. "Ta ló mọ̀ pé mo gbé ẹsẹ̀?"

"Bàbá."

"Ta ni wọ́n sọ fún?"

Ìyá Àgbà ti di ara mọ́tò mú. Mo wo bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ igi, mo rántí ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí èmi nìkan gbọ́, mo wo Bọ̀dá.

"Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, Bọ̀dá."